Fọ́máàtì Tó Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Jù

Oyè ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gùn, àfi kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìkójọ, Ìpamọ́, Ìtọ́jú àti Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Gbogbo Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń pè é lórí ìwé. Tó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, Ọ̀gá Òǹtẹ̀ làwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, torí kò sí ohun tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tí kì í lù ní òǹtẹ̀. Ó ti lu ìwé tí wọ́n fi tọrọ gílóòbù ní òǹtẹ̀. Ó ti lu káàdì ọjọ́ ìbí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì lu apá ẹ̀wù akọ̀wé rẹ̀ níbi tí ìyẹn ti ń na fáìlì sí i, akọ̀wé ò sì fọ ẹ̀wù náà mọ́ títí dòní. Ó ní ẹ̀yẹ ńlá ni.

Ìyàwó Ọ̀gá ò lóyè kankan ní tirẹ̀. Aránṣọ ni. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: máṣíìnì méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, àti àwọn bátánì tó fi ìwé ìròyìn gé, tó fi ìṣó kọ́ sára ògiri. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé ó ti lé lógún ọdún tí obìnrin yìí ti ń gbọ́ àsọyé nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó sì ti mọ bí èèyàn ṣe ń mi orí láìgbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ kéré. Àbúrò ìyàwó yìí obìnrin tó wà lókè òkun ń bọ̀ wálé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti lọ. Ìyá wọn kú lẹ́yìn rẹ̀, kò rí ìwé ìrìnnà gbà, kò bá wọn sìnkú. Lórí fóònù, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ kàn bá mi wá fídíò màmá yẹn. Ojú wọn ti ń parẹ́ mọ́ mi lójú."

Fídíò kan ṣoṣo ni ìyá náà ní láyé. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló fi fóònù kékeré kan yà á lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, níbi tí màmá jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Látìgbà tí wọ́n ti sin màmá, kò tíì láyà láti wò ó. Ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀. Ó ṣáà mọ̀ pé ó wà nínú ilé, láàárín fóònù tó ti kú, kásẹ́ẹ̀tì, àti àwọn sídíì tó ti họ yánnayànna nínú dúrọ́ọ̀. Ó tú u fún odindi ọ̀sán Sunday kan kó tó rí i, ó sì ṣe àṣìṣe pé ó kígbe ayọ̀. Igbe yẹn ló jí Ọ̀gá lójú oorun ọ̀sán.

Ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀. Ohun tí ẹlòmíì ì bá rí ni ìyàwó ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó di fóònù pálapàla mú, tó ń nu omijé. Ohun tí Ọ̀gá rí ni ilé tí kò ní ẹ̀ka ìpamọ́. Ó gbọn agbádá, bó tilẹ̀ jẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní àìtò ni ìyá àìsàn ìlú. Ó ní bí òun ṣe jókòó yìí, ọwọ́ ara òun nìkan lòun fi gbé ara òun dé ipò, kò sẹ́ni tó ran òun lọ́wọ́ rí, títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ ló sì gbé òun débẹ̀. Ó ní bẹ̀rẹ̀ látòní, gbogbo fídíò inú ilé yìí yóò di ọ̀kan, ní fọ́máàtì kan, lábẹ́ àṣẹ kan.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba ń wá ẹni tí yóò máa ṣètọ́jú gbogbo fídíò ìlú, ti kóòtù, ti ilé ìwé, ti ìgbìmọ̀ gbogbo. Ipò náà ga ju tirẹ̀ lọ, oyè rẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin gùn ju tirẹ̀. Ọ̀gá ti sọ fáwọn tó ń yan èèyàn pé kí wọ́n wá wo ilé òun kí wọ́n rí àpẹẹrẹ. Kò tíì sí àpẹẹrẹ kankan nílé nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe oníkọ̀ǹpútà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkọjá títì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú eruku ẹ̀rọ. Ó ṣàlàyé fún tọkọtaya pé fọ́máàtì dà bí àpò tí a ń kó fídíò sí. Ó ní àpò tó ń jẹ́ MP4, gbogbo ẹ̀rọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u: fóònù ni o, tẹlifíṣọ̀n ni o. Ó ní èyí tó ń jẹ́ MKV gba ẹrù jù ú lọ, ó lè gba ohùn méjì mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n míì kì í ṣí i. Ó ní èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n mú, kí wọ́n ṣáà má pa ojúlówó rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ìyàwó sì ti yé e. Ó mú MP4.

Ọ̀gá ní ta ló yàn án? Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn síṣẹ́ nìyẹn, láìsí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ní ọjọ́ Tuesday, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀, Ọ̀gá fọ̀rọ̀ wá àwọn fọ́máàtì lẹ́nu wò. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, akọ̀wé jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú bíró mẹ́ta, oníkọ̀ǹpútà sì dúró láti máa fi ẹnu dáhùn fún àwọn olùdíje, nítorí wọn ò lẹ́nu. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Ọdún wo ni wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́? Ǹjẹ́ wọ́n ti fún ọ ní kúẹ̀rì rí? Ta ló lè jẹ́rìí ìwà rẹ? Òfin ọ́fíìsì sì ni pé olùdíje ò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, bí oníkọ̀ǹpútà ṣe lọ fa ẹnì kẹta yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí nìyẹn, fọ́máàtì arúgbó kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Ìgbà tí odindi kọ̀ǹpútà ò lè gba orin kan tán ni wọ́n ṣe é. Àwòrán inú rẹ̀ ò ju páálí ìṣáná lọ.

Ọ̀gá wo ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí MP4 tó dáyé," ó ní, "tí kò gba kúẹ̀rì rí, ṣé ẹ fẹ́ kí n fò ó kọjá kí n fi ọmọ àná ṣe ọ̀gá lé e lórí?"

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́, ó ní òdodo ti lékè. Oníkọ̀ǹpútà ní kò gba kúẹ̀rì rí lóòótọ́, torí kò sẹ́ni tó fún un níṣẹ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Wọn ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ló kàn. Ọ̀gá ní gbogbo fídíò gbọ́dọ̀ gbé òǹtẹ̀ òun láàárín gbùngbùn, pẹ̀lú àwòrán òun, oyè òun láì gé e kúrú, àti gbólóhùn tó wà lórí gbogbo ìwé ọ́fíìsì: Ó TI KỌJÁ LÁBẸ́ ỌWỌ́ MI, GBOGBO OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀ NI MO FỌWỌ́ SÍ. Oníkọ̀ǹpútà ní àwòrán tó tó páálí ìṣáná, yálà kí ọ̀rọ̀ náà má ṣeé kà ni, tàbí kó bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá dáhùn pé òǹtẹ̀ tí kò ṣeé kà, ẹ̀tàn ni. Ó ní lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa gbogbo ojúlówó rẹ́, torí ní ọ́fíìsì òun, bí ìwé gidi bá ti jáde, wọ́n máa ń fa èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ya.

Ìyàwó gbọ́ èyí. Nínú yàrá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun, ẹ bá mi yọ ti màmá mi sílẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni."

"Kọ̀wé," ni Ọ̀gá wí.

"Iwájú yín náà ni mo wà yìí."

"Kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta. So ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé mọ́ ọn, kó gba ọwọ́ akọ̀wé wọlé."

Ó kọ ọ́. Kí ni kò ní ṣe? Ó ní kí oníkọ̀ǹpútà da ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn kọ sínú mẹ́mọ́rì káàdì tí kò ju èékánná lọ, ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ rán àpò fún un, ó fi òwú pupa rán àpò mọ́ lẹ́tà kó má baà bọ́. Lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì lábẹ́ abíyá akọ̀wé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó ń pín lẹ́tà kan ilẹ̀kùn ilé, ó ní kí ó wá fọwọ́ sí lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, tó wà nínú ilé tó ń fá irùngbọ̀n. Inú rẹ̀ kà báyìí: A ti rí ìwé yín gbà. A ń gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo nǹkan. Akọ̀wé ń pe orúkọ fídíò kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ iléèwé, oníkọ̀ǹpútà ń yí i sí fọ́máàtì àgbà, ẹ̀rọ ń lu òǹtẹ̀, Ọ̀gá ń buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fìka tẹ bọ́tìnnì tí ojúlówó fi ń parẹ́, akọ̀wé á sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù kékeré náà bá wọn lọ. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ọ̀kankan wò kí ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn sípò tó dé.

Ìyàwó bi í léèrè lẹ́tà òun. Ọ̀gá ò tíì fojú kan lẹ́tà náà, àmọ́ ṣé ọ̀gá máa sọ pé òun ò ka ìwé? Ó ní, "Mo kà á láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe sí ohun tí o so mọ́ ọn, mo ti ṣe é."

Ìyẹn ti yé obìnrin náà. Káàdì náà ti bá àwọn yòókù lọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé lọ́jọ́ náà, ó rán apá òsì ẹ̀wù oníbàárà mọ́ apá ọ̀tún, ó tú u, ó tún rán an bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìrètí kan ló kù, pé bóyá ojú màmá ṣì hàn díẹ̀ lábẹ́ òǹtẹ̀.

Ọjọ́ Tuesday tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àbúrò rẹ̀ dé, ìgbìmọ̀ wọlé. Mẹ́ta ni wọ́n. Alága wọn jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́rùn, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjì tó kù wá mu omi tútù. Ọ̀gá kí wọn káàbọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó sọ ti àìtò, ó sọ ti ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi gbé ara rẹ̀ dé ipò. Tẹlifíṣọ̀n tuntun tó wà lára ògiri kọ̀, kò ṣí fọ́máàtì àgbà, oníkọ̀ǹpútà bá tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó fi aṣọ wé kalẹ̀, ó ní òun nìkan ló kù tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ọ̀gá ní ẹ ò rí i bí àgbà ṣe ń mọ àgbà?

Alága yẹ ìwé orúkọ fídíò wò. Ó gbójú sókè, ó bi ìyàwó ilé pé èwo ni kí àwọn wò.

Obìnrin náà ò ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Ojú ìyá rẹ̀ ló fẹ́ rí. Ó ní, "Ti màmá mi, mà."

Òǹtẹ̀ yọ. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, kò sí fèrèsé, kò sí màmá, àfi àwòrán Ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín oyè rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tó ṣeé kà láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn sì jáde láti abẹ́ rẹ̀, ketekete, ohùn ìyá arúgbó tí kò kánjú:

"Ọkọ rẹ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú mi. Bó bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ bá ife ṣèpàdé. Gbogbo bó ṣe ń ṣe ọ̀gá, ọ̀gá yẹn, bọ́tìnnì àyà ẹ̀ já, kò mọ̀. Wọ́n ní kó tọ́jú ewúrẹ́ kan ṣoṣo, á yan ìgbìmọ̀ fún un, ewúrẹ́ á jáde nílé, wọn ò ní tíì ka ìwé ìpàdé tán."

Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí, ni òǹtẹ̀ ń wí lójú ẹ̀rọ. Akọ̀wé rí òǹtẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ó ti mọ́ ọn lára. Omi pá ọ̀kan nínú àwọn tó ń mumi lórí.

Màmá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sí ibi tí kò dé lára àna rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wo òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ ń wò wọ́n. Ọ̀gá ń làágùn, àmọ́ kò lè ní kí wọ́n pa á, torí àṣẹ rẹ̀ ni pé wọn ò gbọdọ̀ dá ohun tó ti gba òǹtẹ̀ dúró lágbede méjì.

Nígbà tó tán, Alága ní kí wọ́n ṣí mẹ́rin mìíràn. Òǹtẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n rí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ wo ọ̀kankan nínú wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i?"

"Mà, ọ̀gá kì í wò," ni Ọ̀gá dáhùn. "Ọ̀gá ń fọwọ́ sí i ni."

Alága kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó bi í pé ojúlówó wọn ńkọ́. Ọ̀gá ní wọ́n ti pa á rẹ́, níwájú ẹlẹ́rìí.

Ìyàwó ò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ó ti jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé orí lé máṣíìnì, ó sunkún. Ó ti gbọ́ ohùn màmá, ohùn yẹn dùn mọ́ ọn dé egungun, àmọ́ ojú wọn ti lọ, àbúrò rẹ̀ sì ti wà lọ́nà.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún Ọ̀gá. Lọ́jọ́ Wednesday, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n bá a pé ó ti ń lo fọ́máàtì àgbà fún fídíò ẹjọ́ kóòtù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwádìí tí ì bá gba oṣù mẹ́fà gba ogún ìṣẹ́jú péré, torí kò sí wíwá ẹni tó ṣe é. Àwòrán rẹ̀ wà lórí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú oyè rẹ̀ láì gé e kúrú. Nígbà tó di Thursday, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, kó má sì padà.

Ní ọ̀sán Friday, akọ̀wé gbé páálí kan wá. Ó ti pààrọ̀ ẹ̀wù. "Ẹ káàsán, sà," ó ní, kò pe oyè kankan. "Ẹrù yín rèé." Ó sáré padà, torí ọ̀gá tuntun fẹ́ràn kí èèyàn dúró nítòsí.

Ìyàwó ló tú páálí náà lórí tábìlì ìgéṣọ, ọkọ rẹ̀ sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ò tíì yá. Àwòrán Ọ̀gá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àti òǹtẹ̀, tí ìyàwó fi tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ wọn ni tíréè kan wà tí wọ́n kọ A Ń GBÉ E YẸ̀ WÒ sí lára. Àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ò ní òǹkà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, kò sì sí èyí tí wọ́n tíì ya ẹnu rẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá wú díẹ̀ láàárín. Ìyàwó fọwọ́ kàn án, ó ya á, ó rí òwú pupa.

Ó tẹ àpò kékeré náà wò, káàdì ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ní ẹ kà á láti orí dé ẹsẹ̀."

Ọ̀gá la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún, kò sí àsọyé níbẹ̀. Ó pa á dé.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ká ní òṣìṣẹ́ gidi ni ọkùnrin yìí, tó ń ka lẹ́tà tó bá wọlé, káàdì yẹn ì bá ti gba òǹtẹ̀, kó sì parẹ́. Ìmẹ́lẹ́ rẹ̀ ló gbà á là. N ò mọ ẹni tí ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò dé. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù. Oníkọ̀ǹpútà ti da fídíò náà sí MP4, ó ti fi sí ibi mẹ́ta, kò sì fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá wà lẹ́yìn wọn lórí àpótí, torí kò síbòmíì tó máa wà.

Màmá yọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú gbogbo ojú wọn. Àbúrò figbe ta, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá ń sọ, ti ife omi, ti ewúrẹ́. Àmọ́ ẹ̀rín ló kún ojú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀wù funfun kan sì wà lórí ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń rán bọ́tìnnì àyà rẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì tí kò sí ọ̀rọ̀ wá dé. Màmá fi eyín já òwú. Wọ́n fa àwọn bọ́tìnnì yòókù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí ọ̀kan tó fẹ́ rọ̀, wọ́n tún un rán. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀. Wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n ká a bí aṣọ ọmọ titun. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn tó ń ya fídíò, wọ́n gbé ìka lé ètè, wọ́n sì fi orí júwe yàrá inú. Kó má sọ fún un.

Àbúrò nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ni ẹ̀wù yẹn?"

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dáhùn, ohùn kan ti ẹ̀yìn wá, ohùn tí wọn ò kọ́kọ́ mọ̀, torí kò ga. "Tèmi ni," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ̀wù tí mo wọ̀ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó gbé mi dé ipò ni. N ò mọ̀ pé bọ́tìnnì ẹ̀ já."

Ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ iwájú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ dá a padà. Ọ̀gá sì wò ó tán.